Ọmọ mi kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré pẹ́: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá ọlọ́mọ kan, Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 9. Ọ̀kadà ni ó ń gbé e lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni ó ń gbé e padà, bí ó bá sì ti dé ilé, fóònù ni. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń ṣe ẹkùn mẹ́ran ní ìrọ̀lẹ́, yóò wọ agbo, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò sì lọ jókòó sórí pèpéle. Wọn kì í tilẹ̀ pè é mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni; bàbá rẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí ó mọ ìṣirò, kí n fi ọmọ sílẹ̀. Èmi kò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣé èémí ni kò tó o ni, àbí kò mọ bí a ti ń sá, tí a ń yẹ̀, tí a ń fò? Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Olùkọ́ eré ìdárayá, Ìyàrà:
Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ọmọ tí èémí rẹ̀ kò gùn yóò kúrò nínú eré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà; ọmọ tí kò sì mọ bí a ti ń yẹ̀ yóò fi agbára ṣòfò, yóò tètè rẹ̀ ẹ́, ìtìjú yóò sì dé. Nígbà tí kò bá sí nínú eré mọ́, níbo ni èémí yóò ti gùn sí i? Ìdí nìyẹn tí ìdánwò ìmọ̀ ara lílò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 12 ní Kánádà fi kó eré sísá lọ-sá-bọ̀ mọ́ fífò, jíju bọ́ọ̀lù àti híhán an, tí wọ́n sì tún ń bi ọmọ bóyá eré wù ú, àti bóyá ó gbà pé òun lè ṣe é. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé àwọn tí èémí wọn gùn sábà máa ń ṣe dáadáa nínú ìyókù pẹ̀lú, bí èyí kò tilẹ̀ fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe lé e sáré ọ̀nà jíjìn. Ẹkùn mẹ́ran gan-an dára, nítorí eré sísá rẹ̀ kì í pẹ́, ìsinmi sì wà láàárín. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wà lára àwọn tí ó di ọwọ́ mú ní agbo, lẹ́yìn náà kí ó ṣe ewúrẹ́ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ọmọ kan tí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi okùn fífò kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe ìdárayá tó mú èémí yára fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìsánlú:
Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn o. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ásímà, àìsàn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde lè mú kí ọmọ máa mí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì pè é ní ọ̀lẹ. Bí àyà bá ń dùn ún, bí ó bá ń wúkọ́ lẹ́yìn eré, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe fi falẹ̀.

Bàbá kan, Mopa:
Ẹ mú un lọ sóko, ó tán. Ta ni ó kọ́ àwa ní ìdárayá?

Olùkọ́ eré ìdárayá, Ìyàrà:
Bàbá, òótọ́ ni, ìrìn oko ń mú èémí gùn. Ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ bí a ti ń yẹ̀ fún ẹni tí ó ń lé ni, kò sì ní dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ kan, Kàbà:
Mo dúpẹ́. Ilé ìwòsàn ni a ó kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kò sí àìsàn, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé eré náà kò pọ̀ jù fún un?

Olùkọ́ eré ìdárayá, Ìyàrà:
Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láàárín eré. Bí ó bá lè dáhùn ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ń ṣe dáadáa. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó rìn díẹ̀ kí ó tó padà wọ agbo.