HTTPS, cache àti fáìlì tó kọ̀ tí kò ṣí: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mò ń bójú tó ìkànnì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń gba ìwé owó-oṣù wọn ní PDF. Nígbà tó wà lórí HTTP, kò sẹ́ni tó ráhùn. Bí a ṣe gbé e bọ́ sórí HTTPS (HTTP tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà) ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: àwọn kan ń rí ìwé wọn gbà, àwọn tó ń lo búráúsà àtijọ́ kò rí i ṣí. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún wọn ni pé òun kò rí ìkànnì náà, ìkànnì tí wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀! Mo wo àkọsílẹ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ìkànnì ránṣẹ́), 200 (ó yọrí sí rere) ló wà níbẹ̀, fáìlì ti jáde lódidi.

Inú hẹ́dà, àwọn ìlànà tí sáfà máa ń fi síwájú fáìlì, ni mo ti rí i:

Cache-Control: no-store, no-cache, must-revalidate
Pragma: no-cache
Expires: Thu, 19 Nov 1981 08:52:00 GMT

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ nínú wa. PHP, èdè tí a fi kọ ìkànnì náà, ló máa ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí session (ọ̀nà tí sáfà fi ń dá ẹni tó wọlé mọ̀) bá ti bẹ̀rẹ̀. (1981 kẹ̀, nígbà tí Web kò tíì sí láyé.) Mo yí session_cache_limiter, ètò PHP tó ń yan hẹ́dà wọ̀nyí, sí private_no_expire (kí búráúsà ẹni náà nìkan tọ́jú ẹ̀dà), ariwo sì dákẹ́.

*

Ó yé mi dáadáa, ọ̀gá. Wọ́n mọ búráúsà Internet Explorer 8 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ìwà yẹn. Tí èèyàn bá ní kó ṣí PDF, á kọ́kọ́ gbé fáìlì sínú cache (ibi tí búráúsà ń tọ́jú ẹ̀dà sí), á wá júwe ibẹ̀ fún Acrobat tó ń ṣí PDF. Tó bá jẹ́ HTTPS, tó sì rí no-cache, á ti pa fáìlì náà rẹ́. Acrobat á débẹ̀, á bá ilẹ̀ lásán. Internet Explorer 9 ti 2011 ló fòpin sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé no-cache kò ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú nǹkan. Ohun tó ń sọ ni pé kó o bi sáfà kó o tó tún un lò. no-store ló ní ká má tọ́jú rẹ̀ rárá. Àwọn tó ń to méjèèjì pọ̀ “nítorí ààbò”, ta ni wọ́n ń bẹ̀rù gan-an?

*

Ẹni tó máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn rẹ ni! Mo ṣàyẹ̀wò ààbò níbì kan tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò. private_no_expire yẹn náà ni wọ́n fi sí i, max-age=10800 (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀dà fi wúlò) ló sì máa ń bá a rìn, wákàtí 3 gbáko. Mo wọlé, mo ṣí ìwé, mo jáde, mo tún tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ṣí. Sáfà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan béèrè nǹkan. Ojú ọ̀nà nìkan ni HTTPS ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Tó bá ti dọ́wọ́ búráúsà, ó ti tú.

Mo ní kí wọ́n lo private, no-cache, pẹ̀lú ETag (àmì tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà). Sáfà á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ń béèrè ṣì wà nínú àkántì rẹ̀: tó bá wà, 304 (ẹ̀dà ọwọ́ rẹ ṣì dára), tí kò bá sí, 401 (kọ́kọ́ wọlé ná). Ẹ̀dà ṣì wà lórí dísíìkì o. Wọ́n ní àwọn á kúkú fi no-store sí i. Mo bá ṣí fódà Downloads hàn wọ́n: ìwé owó-oṣù oríṣiríṣi èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Agbára no-store kò débẹ̀. RFC 9111 ti 2022, ìwé ìlànà cache fún HTTP, pàápàá sọ pé kò tó gbára lé láti dáàbò bo àṣírí.

*

Tèmi kò gùn. Tẹ́lẹ̀, Firefox kì í tọ́jú ohun tó gba HTTPS wọlé sórí dísíìkì, àfi tí hẹ́dà bá sọ pé public (ẹnikẹ́ni lè tọ́jú rẹ̀). Firefox 4 ló yí i padà. Torí kí ìkànnì lè yá, àwọn kan fi public sí gbogbo nǹkan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé CDN (àwọn sáfà agbedeméjì tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì) síwájú sáfà. CDN ló ń tú HTTPS, public sì ti fún un láyè láti tọ́jú ohun tó bá rí. Àdírẹ́sì kan náà ni gbogbo èèyàn fi ń gba ìwé. Níbi ìdánwò, mo wọ àkántì kan, ìwé ẹlòmíì ló jáde sí mi.

*

Ẹ má torí ìyẹn sá fún public o. Fáìlì tí gbogbo ayé lè gbà, tí nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ sì wà lára orúkọ rẹ̀, ẹ fún un ní public, max-age=31536000, immutable (ọdún kan, kò sì ní yí padà), kí sáfà lè sinmi.

Ẹni tó sọ ti CDN, ṣé Set-Cookie (hẹ́dà tó ń fi àmì ìdánimọ̀ sínú búráúsà) wà nínú ìdáhùn yẹn?

*

Kò sí. Ká ní ó wà ni, CDN tí wọ́n ń lò kì bá tí tọ́jú rẹ̀.