Ẹni tí òkun ti fà lẹ́sẹ̀ rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Etíkun
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ajé tí mo ti Aráròmi Seaside, ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, dé. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ti lọ ṣeré létí òkun rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, pàápàá nípa omi tó ń kún tó sì ń fà. Ẹ jẹ́ kí n ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ la dé ibẹ̀. Omi ti fà jìnnà, iyanrìn tẹ́ lọ salalu, ó le débi pé ọ̀kadà ń sáré lórí rẹ̀. A tẹ́ ẹní, a gbé kúlà kalẹ̀, a bọ́ bàtà. Níwájú wa, iyanrìn kan yọ jáde láàárín omi bí ẹ̀yìn ẹranko ńlá, àwọn ọmọ abúlé sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Omi tó wà láàárín wa ò ju kókósẹ̀ lọ. Èmi àti àbúrò mi obìnrin rìn lọ síbẹ̀, a ń ṣa ìkarahun. Kò pẹ́, àwọn ọmọ yẹn mú bọ́ọ̀lù wọn, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. A ò béèrè ìdí. Nígbà tí a máa fi wẹ̀yìn, omi tó yẹ ká gbà padà ti dé itan, ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ bí odò. A wọ inú ẹ̀, ó dé àyà àbúrò mi. Obìnrin kan tó ń sá edé lókè ló pariwo pé ká má bọ̀ tààrà, ká gba apá òsì. A gba apá òsì, omi rẹlẹ̀, a jáde. Kúlà wa ti ń léfòó lọ. Ọwọ́ àbúrò mi ń gbọ̀n títí a fi dé inú ọkọ̀.

Ayọ̀kúnnú
Àwọn ọmọ tó mú bọ́ọ̀lù yẹn ni olùkọ́ yín lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ ibẹ̀ bá ti ń kúrò, kí àlejò náà kó ẹrù ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Ọmọ mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, inú ọkọ̀ àjẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn. Ẹ gbọ́ o. Omi ò kàn ń kún bó ṣe wù ú, ó ní àkókò tiẹ̀. Lójúmọ́, ó máa ń kún lẹ́ẹ̀méjì, ó máa ń fà lẹ́ẹ̀méjì. Bó bá kún laago mẹ́fà òwúrọ̀ òní, lọ́la ó máa sún mọ́ aago méje kó tó kún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sún síwájú lójoojúmọ́. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í wo aago. Òṣùpá ló ń wò. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di àrànmọ́jú, omi yóò kún dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀, yóò sì fà dé ibi tí kì í fà dé. Nígbà tí òṣùpá bá ku ìdajì, omi máa ń rọra ṣe. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá dé etí òkun tí ẹ rí i tí omi fà jìnnà tó ń wù yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra, torí bó ṣe fà lọ jìnnà yẹn náà ni yóò ṣe padà. Ọjọ́ wo lẹ lọ? Mo fura pé òṣùpá ti kún.

Ọmọ Etíkun
Òótọ́ ni, Ìyá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òṣùpá ràn débi pé a ò tan tọ́ọ̀ṣì.

Kọ́lá Ìbàdàn
Ẹ má bínú o, Ìyá wa. Báwo ni òṣùpá tó wà lókè ṣe máa fa omi tó wà nílẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni mo rò pé ó ń ṣe é.

Tíṣà Jọ́gíráfì
Bọ̀dá Kọ́lá, ohun méjì lẹ so pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìgbì dìde. Òṣùpá àti oòrùn ló ń fa omi òkun tó fi ń kún tó fi ń fà, òṣùpá ló sì lágbára jù nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá kún, òun àti oòrùn wà lórí ìlà kan, wọ́n jọ ń fà á ni. Láti ìgbà tí omi kún dé ìgbà tí yóò tún kún, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni, ẹ fojú bù ú. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ṣe sọ láìwo ìwé.

Ní etíkun tiwa, omi ò ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ nígbà tó bá kún, ó lè lé díẹ̀. Ẹ máa rò pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ibi tí iyanrìn bá ti tẹ́jú, mítà kan yẹn lè gba ilẹ̀ tó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Ohun mìíràn tó ń pa àlejò ni pé ìgbì tiwa kì í sábà jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ibí. Ìjì tó jà lọ́hùn-ún, ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ló ń rán an wá, ó sì máa ń le jù láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Ojú ọ̀run lè mọ́, kí ewé àgbọn má mì, kí ìgbì sì máa ga ju èèyàn lọ.

Kọ́lá Ìbàdàn
Mo gbà, mo gbà. Ẹ ṣeun, sà.

Adéọlá Bristol
Mítà kan? Ẹ wá wo tiwa níbí. Ní Weston-super-Mare, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi lè ga ju mítà 10 lọ láàárín ìgbà tó fà àti ìgbà tó kún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi lọ, a dé etí òkun, a ò rí òkun! Ẹrẹ̀ nìkan la rí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ọmọ mi ọkùnrin sáré lọ, ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé orúnkún. Bí mo ṣe ń fà á, ẹsẹ̀ tèmi náà ń rì. Ọkùnrin arúgbó kan ló kọ́ wa pé ká dùbúlẹ̀ gbalaja, ká máa rá jáde bí ọmọ ìrákòrò. Bàtà ọmọ wà níbẹ̀ dòní.

Jùmọ̀kẹ́
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Mi ò lọ etí òkun mọ́. Odò ìlú wa tó mi.

Ayọ̀kúnnú
@Jùmọ̀kẹ́ odò náà ń gbé èèyàn lọ o.

Alákòwé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún nǹkan kan ṣe. Mo rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ń pe ohun tí òyìnbó ń pè ní tide ní ìgbì. Kì í ṣe ìgbì. Ìgbì ni èyí tó ń dìde tó ń ya lulẹ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì
Èmi náà ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi jà lórí ẹ̀. Ìkún àti ìfà omi ni mo fi ń kọ́ wọn.

Alákòwé
Ìfà ò dára, sà. Ẹni tó bá kà á kíákíá máa rò pé Ifá ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Omi ń wọlé, omi ń jáde. Ohun tí à ń sọ nínú ọkọ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́ rí.

Táyọ̀ M.
Mo ti ń ka èyí láti àná, mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ tèmi. Ọdún mọ́kànlá rè é. Etí òkun kan lọ́nà Lẹ́kí, ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde. Ọ̀rẹ́ mi mọ omi í wẹ̀ ju gbogbo wa lọ, òun ló ń gba ife nílé ìwé. Ìgbì ń ya lápá ọ̀tún, ó ń ya lápá òsì. Láàárín, omi dákẹ́, ó tẹ́ bí omi inú abọ́. Ó ní ibẹ̀ ló dáa. Kò tíì wọ̀ ọ́ dé àyà tí mo fi rí i pé ó ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kọ sí wa, ó ń wẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Apá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. A rò pé ó ń juwọ́ sí wa ni. Èmi náà juwọ́ sí i.

Ọmọ Etíkun
Háà. Bọ̀dá Táyọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.

Adéọlá Bristol
Ẹ kú ìrọ́jú. Omijé bọ́ lójú mi.

Gbénga K.
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ṣé aṣọ pupa ló wọ̀? Wọ́n ní Olókun kì í fẹ́ pupa.

Táyọ̀ M.
Ṣòkòtò búlúù ló wọ̀. Bọ̀dá Gbénga, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ òkú, ẹni mẹ́ta ló bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ò ṣẹ òkun.

Gbénga K.
Ẹ foríjì mí. Mi ò rò ó tó kí n tó kọ ọ́.

Apẹja Badagry
Táyọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó lè yé àwọn yòókù. Omi tí ìgbì gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Ibi tí iyanrìn abẹ́ omi bá ti ya ló ń gbà, ó sì ń sáré lọ sí agbami. Ìdí nìyẹn tí ìgbì kì í fi ya níbẹ̀, tó fi ń dà bí ẹni pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé omi ibẹ̀ pọ́n nítorí iyanrìn, ìfóòfó sì ń lọ sínú dípò kó máa bọ̀ wá sóde. Ó máa ń le jù nígbà tí omi bá ń fà. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè bá a jà tààrà.

Ó mú mi rí, mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nígbà tí à ń fa àwọ̀n ńlá. Bàbá mi kígbe láti òkè pé, "Jẹ́ kó gbé ẹ!" Mo dùbúlẹ̀ lórí omi, mo jẹ́ kó gbé mi. Nígbà tí ipá ẹ̀ rọ̀, mo wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, mo ń bá etí òkun lọ, títí mo fi dé ibi tí ìgbì ti ń ya. Ìgbì yẹn ló tì mí dé ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbà. Kí ẹ má kọjú sí ilẹ̀.

Táyọ̀ M.
Ẹ ṣeun. Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò là á yé mi báyìí rí.

Jùmọ̀kẹ́
Kò ha yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà? Gbogbo etí òkun tí mo ti lọ ni wọ́n ti gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Mi ò rí òmùwẹ̀ kan tó jókòó ṣọ́ omi.

Kọ́lá Ìbàdàn
Wọ́n tún gba owó àga, owó ìbòòji, owó ẹṣin.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ mú wọn lọ sí Tarkwa Bay, l'Ékòó. Omi ibẹ̀ rọ̀, torí odi òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà òkun láàárín 1908 sí 1912 ń gba ìgbì. Ẹ máa rí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń fi pátákó gun ìgbì, ó dùn-ún wò.

Apẹja Badagry
Odi yẹn náà ló jẹ iyanrìn Bar Beach, etí òkun Èkó tó wà ní apá ìlà oòrùn rẹ̀, tán. Iyanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Odi dá a dúró sí apá kan, apá kejì wá ń pebi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Bí wọn ò bá kọ́ ọ, ọkọ̀ ńlá ò ní rí Èkó wọ̀. Iyanrìn ló ń dí ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn.

Apẹja Badagry
Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Mo ní ẹni tó kọ́ ọ jẹ, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló san án.

Ọmọ Ayétòrò
Ẹ ń sọ̀rọ̀ eré, ẹ ń sọ̀rọ̀ iyanrìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, àwa kì í wo òkun fún eré. 1947 ni àwọn bàbá wa tẹ Ayétòrò, ìlú wa létí òkun Ìlàjẹ, dó, ìlú tí gbogbo ayé ń wá wò. Iyàrá tí wọ́n bí mi sí wà nínú omi báyìí. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Ìgbọkọ̀dá wá, mo lè na ọwọ́ sí ibẹ̀ fún yín: òpó mẹ́rin ló ṣẹ́kù, ẹyẹ ń bà lé e. Lẹ́ẹ̀mẹta ni ìyá mi ti kó ẹrù sẹ́yìn.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi. Mo mọ ọjà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ta ẹja níbẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò
Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ bá wa pariwo.

Ọmọ Etíkun
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bọ̀dá Táyọ̀, mo ka tiyín fún àbúrò mi, ó ní kí n kí yín. Ìyá Ẹlẹ́ja, ó tún ń bi mí nípa obìnrin tó pè wá jáde nínú omi. A ò tilẹ̀ dúró dúpẹ́. Ó ga, ó ró aṣọ àdìrẹ, ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá igi àgbọn méjì tó wọ́ sí ara wọn. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ẹlẹ́ja
Mo mọ ilé náà. Ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá ku ìdajì, omi á rọ̀. Ẹ bá a mú ọṣẹ àti iyọ̀ dání. Kí àbúrò yín sì tẹ̀lé yín wá o, kó má jẹ́ kí ẹ̀rù ọjọ́ yẹn wà lára òun.