Fọ́ǹtì wo ló ki bíi Impact, tó sì gba àmì ohùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bánà òkú àgbà ni mo ń ṣe, Impact ni mo sì fi kọ ọ́, èyí tí Geoffrey Lee yà ní 1965. Ó ki, ó fún mọ́ra, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà á rí i kà. Àmọ́ tí mo bá tẹ “Ẹ̀YẸ ÌKẸYÌN”, àmì orí Ẹ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí. Mo mọ̀ pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní Ẹ̀ ní odidi, ńṣe là ń lẹ àmì mọ́ ọn. Oníbàárà ní kí n yọ àmì. Ṣé “ẹyẹ” tó ń fò la wá fẹ́ sin ni? Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀ ń lò?