Báwo ni mo ṣe lè tú ètò kan sí àsẹ́ńbìlì tí màá tún lè kọ́ padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Kóòdù ètò kan tí mo fi C kọ ti sọnù, fáìlì ELF ti x86-64 (ètò tí a ti sọ di èdè ẹ̀rọ) nìkan ló kù. Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀, àtúnṣe náà sì gùn ju àyè tó wà níbẹ̀ lọ, torí náà pípààrọ̀ báìtì kò lè tó.

Mo fi objdump, irinṣẹ́ tó ń tú èdè ẹ̀rọ sí àsẹ́ńbìlì, tú u, mo sì fi lébẹ̀ẹ̀lì rọ́pò ibi tí gbogbo jmp àti call (àwọn àṣẹ tó ń fò lọ síbòmíràn nínú kóòdù) ń lọ. GNU as, tó ń sọ àsẹ́ńbìlì di èdè ẹ̀rọ, gbà á, ld tó ń so ó pọ̀ di ètò náà kò ráhùn. Àmọ́ bí mo bá ti fi ìlà kan péré kún un, segmentation fault ni (ètò náà á kú torí pé ó kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mórì)!

.rodata, apá fáìlì tí dátà tí kì í yí padà wà, ni mo fura sí, pàápàá tábìlì tí switch ń lò láti mọ ibi tó máa fò lọ. Nọ́ńbà bíi 0x401230 lè jẹ́ àdírẹ́sì tó yẹ kó yí padà bí kóòdù bá sún, ó sì lè jẹ́ iye lásán. Fáìlì náà kì í ṣe PIE (ètò tó lè ṣiṣẹ́ ní àdírẹ́sì yòówù), kò sí relocation (àkọsílẹ̀ ibi tí àdírẹ́sì wà) tó máa tọ́ka rẹ̀ fún mi.

Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀? Ṣé ddisasm, irinṣẹ́ tó ń tú ètò sí àsẹ́ńbìlì tó ṣeé tún kọ́, ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún irú èyí, àbí kí n máa fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan nínú Ghidra, irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ inú ètò wò?