Wọ́n ti fa ọkọ̀ yín wálé láti ojú omi rí? Ẹ wá sọ bó ṣe lọ

Apẹja_Òwúrọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe fàájì tàbí tẹ́ ẹ fi ń pẹja, ẹni tí ẹ́ńjìnì ti kú mọ́ lọ́wọ́ lójú omi rí, ta lẹ pè? Ṣé wọ́n tètè dé? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fa ọkọ̀, tí wọ́n ní ká máa san owó ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ṣé ó tọ́ sí i àbí owó là ń jù dànù? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 21, ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ mi ò sì kò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ_Olódò
San án. Má bi mí nídìí.

Bàbá_Ìdákọ̀ró
Ọmọ_Olódò, ẹni tó ń béèrè fẹ́ mọ ìdí o jàre.

Tèmi ṣẹlẹ̀ ní Chesapeake Bay, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọ̀sán gangan, omi tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì dákẹ́. Omi ti wọnú epo. Epo tí wọ́n po ethanol, ìyẹn irú ọtí kan, mọ́, tó bá pẹ́ nínú táńkì, ó máa ń fa omi mọ́ra. Tí omi yẹn bá pọ̀ ju ohun tí epo lè gbé lọ, òun àti ethanol á jọ rọ̀ sísàlẹ̀ táńkì, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an lẹ́ńjìnì sì ti ń mu. Ẹ fi omi fún ẹ́ńjìnì mu, ẹ wò ó bóyá á ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo ju ìdákọ̀ró sómi. Mi ò tíì fọwọ́ kan fóònù o. Àwọn èèyàn á máa wá nọ́ńbà kiri nínú fóònù, omi á sì máa gbé wọn lọ sídìí àpáta. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ni láti iwájú ọkọ̀ yín dé ìsàlẹ̀ omi, ẹ tú okùn tó tó 70 sílẹ̀, kí irin lè sùn kó sì mú ilẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo wá pè. Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀, ṣé a ti wọ ẹ̀wù ìléfòó, ṣé omi ń wọlé, ibo gan-an la wà lórí GPS. A jókòó, a ń pẹja títí wọ́n fi dé. Ẹja tá a pa lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì kú pọ̀ ju èyí tá a pa látàárọ̀ lọ.

Ìyá_Ẹja
Ariwo ẹ́ńjìnì ló ti ń lé wọn sá láti àárọ̀ 😂 Ẹ má tún un ṣe mọ́.

Kẹ́hìndé_L
Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ìjọba Amẹ́ríkà? Ṣebí owó orí wa ni wọ́n ń ná.

Bàbá_Ìdákọ̀ró
Kẹ́hìndé, ayé ìgbà yẹn ti lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 làwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má bá oníṣòwò du iṣẹ́ mọ́. Tí kò bá sí ewu, tí oníṣòwò tó lè ṣe é sì wà nítòsí, wọn kì í wá fà yín. Ẹ lè pè wọ́n lórí rédíò VHF, ìkànnì 16. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀mí wà nínú ewu. Tí kò bá sí, wọ́n á bá yín kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí tó lè ṣèrànwọ́ kó dáhùn. Ibẹ̀ làwọn afakọ̀ ti ń gbọ́.

Kẹ́hìndé_L
Ó di ìgbà tí mo bá fẹ́ kú kí owó orí mi tó ṣiṣẹ́.

Ìyá_Ẹja
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kú, ẹ ò ní rántí owó orí.

Àǹtí_Solent
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Britain, RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn là lójú omi, ló máa ń jáde. Láti 1824 ni wọ́n ti wà, ọrẹ àánú ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ yẹn ló sì jẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà. Èmi ò tíì pè wọ́n rí, àmọ́ wọ́n fa ọkọ̀ aládùúgbò wa wọlé, ojú sì tì í débi pé ó ń sọ owó sínú àpótí wọn ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá.

Alákàn
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò dúró lórí fífà nìkan.

Galveston Bay, ní Texas. Èmi, ìyàwó mi, àti àbúrò rẹ̀. Omi ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ wa gun orí yanrìn, ó jókòó. Kò sí ihò lára rẹ̀, kò sí ìgbì, oòrùn ń ràn, kò séyìí tí jìnnìjìnnì bá. Mo pe àwọn kan tí nọ́ńbà wọn wà lára pátákó ní ebúté. Ọkùnrin kan dé, ó kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ju okùn sí wa, ó fà wá kúrò, ó tún fà wá dé ebúté. Kò ju bí ẹni jẹun tán lọ. Ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì fún mi pé kí n buwọ́ lù ú. Mo rò pé rìsíìtì ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé dé. Kì í ṣe owó wákàtí tí wọ́n lò ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Wọ́n ní salvage, ìyẹn gbígba ọkọ̀ tó wà nínú ewu là, làwọn ṣe, pé iye tí ọkọ̀ mi tó làwọn fi ṣírò ohun tó tọ́ sáwọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mi ò tíì sọ iye náà fún ìyàwó mi, mi ò sì ní sọ ọ́ níbí.

Ọmọ_Olódò
Ẹ ti wá rí ìdí báyìí.

Kẹ́hìndé_L
Olè ni.

Ìyá_Ẹja
Ẹ̀gbọ́n Alákàn, ẹ buwọ́ lu ohun tẹ́ ẹ ò kà?

Alákàn
Àǹtí mi, oòrùn ń ta sójú tábílẹ́ẹ̀tì, ta ló máa rí nǹkan kà níbẹ̀? Ọkùnrin náà ò sì sọ ọ̀rọ̀ salvage létí mi rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọkọ̀_Aláṣọ
Mo ń ṣiyèméjì sí ìtàn yìí. Mo rò pé ọkọ̀ ńlá tó rì sínú òkun ni wọ́n ń pè ní salvage.

Captain_Bísí
Ẹ kú àtijọ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, mo ní ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀, Coast Guard sì tún fi àṣẹ ìfakọ̀ kún un fún mi, nítorí èèyàn ò kàn lè ra okùn kó máa fi gbowó fa ọkọ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkọ̀_Aláṣọ, kò dá lórí bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Ohun mẹ́ta ni òfin ń wò: ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ewu, ẹni tó wá ò gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kankan tẹ́lẹ̀ tó sọ ọ́ di dandan fún un, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ yọrí sí rere. Tí kò bá yọrí, kò sówó. Tó bá yọrí, ẹni náà lè béèrè owó tó bá iye tí ọkọ̀ tó mu, bí ewu náà ṣe tó, àti ọgbọ́n tó lò. Òfin àgbáyé ti ọdún 1989 wà lórí ẹ̀, Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba èèyàn là nìkan, ẹ ò lè bu owó lé e lórí. Ọkọ̀ ló lówó lórí.

Fífà lásán ni kí ẹ́ńjìnì kú, kí bátìrì kú, kí epo tán. Ọkọ̀ tó jókòó sórí yanrìn rọra wà láàárín, ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá fà á kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí omi ò wọlé, tí ìgbì ò sì gbá a, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa kà á mọ́ owó ọmọ ẹgbẹ́. Tó bá gba ọkọ̀ méjì, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, tàbí tí ìgbì ń gbé e lu àpáta, ó ti di salvage nìyẹn. Owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í sábà bo ìyẹn, inṣọ́ránsì ọkọ̀ ló ń san án. Ẹ lọ wo inṣọ́ránsì yín bóyá ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi èmi tàbí ẹnikẹ́ni kí okùn tó kan ọkọ̀ yín: "Ṣé fífà ni àbí salvage?" Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, á sì sọ iye rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe máa ṣírò rẹ̀. Èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín tí kò dáhùn, tí ewu ò bá sì sí, ẹ dúró sórí ìdákọ̀ró yín kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì.

Kẹ́hìndé_L
Ẹ̀yin náà ò sọ pé olè kọ́ ni o.

Captain_Bísí
Mi ò sí níbẹ̀. Tọ̀sán-tòru la fi ń wà nídìí rédíò, Kẹ́hìndé. Tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ bá pè mí, àtìgbà tí mo bá ti tú okùn ní ebúté mi títí màá fi padà débẹ̀ ni wákàtí ń kà. Inú máa ń bí àwọn èèyàn sí i, wọ́n rò pé ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló gbé mi débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá kan pè mí lóru, ẹ́ńjìnì ò ṣí, ó ti gbìyànjú títí bátìrì fi ń kú lọ. Mo dé, mo wọ inú ọkọ̀, mo tan iná. Okùn pupa tí awakọ̀ ń kọ́ mọ́ra, tó ń pa ẹ́ńjìnì bí èèyàn bá ṣubú sómi, ó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tì í bọ ààyè rẹ̀. Vuumm. Bàbá náà ò sọ̀rọ̀ títí mo fi lọ.

Ìyá_Ẹja
😂😂😂 Kẹ́hìndé, ibo lẹ wà lóru ọjọ́ náà?

Kẹ́hìndé_L
Kì í ṣèmi o! Okùn yẹn gan-an, ìyọlẹ́nu ni.

Bàbá_Ìdákọ̀ró
Ìyọlẹ́nu tó ti dòfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021, bí ọkọ̀ yín ò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 26 tó sì ní ohun èlò yẹn, dandan ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ mọ́ra tẹ́ ẹ bá ń sáré. Ọkọ̀ tí kò lẹ́nì kankan nídìí rẹ̀ máa ń yí po ni, á sì padà wá bá ẹni tó wà nínú omi.

Ẹni_Ìjẹta
Èmi ò lè sanwó fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ mi ló máa ń fà mí. Okùn wà, ọkọ̀ wà, ó parí.

Captain_Bísí
Okùn wo? Ibo lẹ ń so ó mọ́?

Ẹni_Ìjẹta
Okùn náílọ́ọ̀nù. Irin ìsokùn tó wà níwájú.

Captain_Bísí
Ẹ yọ́jú wo abẹ́ irin yẹn. Tí kò bá sí pátákó líle tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gbè é lábẹ́, ìdè kéékèèké ló mú un. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà, ìyẹn dáa torí kì í jẹ́ kí ìgbì já ọkọ̀ gbà. Àmọ́ tí irin bá fà tu nígbà tí okùn ti nà tán, òun àti irin á jọ padà wá bí ọta ìbọn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró níbi tí okùn náà nà sí, níwájú tàbí lẹ́yìn. Òrùka irin ńlá tó wà nísàlẹ̀ imú ọkọ̀, èyí tẹ́ ẹ fi ń fà á gun tírélà, òun ni kẹ́ ẹ so ó mọ́.

Ọkọ̀_Aláṣọ
Kẹ́ ẹ tún sọ fún wọn pé kí wọ́n má sáré! Ọkọ̀ aláṣọ, tó ń fi ìgbòkun rìn, ni tèmi. Ẹni tó fà mí ń kánjú àtilọ sílé, ìdí ọkọ̀ mi ń rì, imú ń gbé sókè, mò ń pariwo, kò gbọ́. Irú ọkọ̀ wa kì í fò lórí omi, ó níwọ̀n eré tó lè sá. Ẹ wá square root gígùn tó kan omi ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ fi 1.34 sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ 25, 5 ni root rẹ̀, 6.7 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ojú omi) nìyẹn. Ẹ má dé ibẹ̀ pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fà wá.

Ẹni_Ìjẹta
Ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀. Mo ń lọ.

Ìyá_Ẹja
Captain, ti ọ̀sà ńkọ́? Ibi tí a ti ń pẹja ò já sí òkun, mi ò rí afakọ̀ kankan níbẹ̀ rí.

Captain_Bísí
Ẹ bi iléeṣẹ́ tó ń fa ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ọmọ ẹgbẹ́, àǹtí. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bò. Ọ̀sà mìíràn wà níbẹ̀, òmíràn ò sí. Níbi tí kò bá sí, ọlọ́pàá ojú omi tàbí apẹja tó ń kọjá ni. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì kékeré oníbátìrì yẹn dání, àti àjẹ̀.

Alákàn
Ẹ ṣeun Captain. Mo pe inṣọ́ránsì mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn á bá àwọn tó fà mí dúnàádúrà, pé ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe iye tí wọ́n máa ń gbà níkẹyìn. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, èyí tó fi hàn bí ojú omi ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mi ò ya fọ́tò. Àbúrò ìyàwó mi ló ya fídíò, àmọ́ kò ṣeé fi ránṣẹ́, orin là ń kọ látòkèdélẹ̀, ìyàwó mi sì ń jó lórí yanrìn.

Captain_Bísí
Orin? Pẹ̀lú ijó?

Ìyá_Ẹja
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá! Adájọ́ wo ló máa wo fídíò yẹn kó ní ẹ wà nínú ewu?