Ǹjẹ́ ènìyàn lè ṣe ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ láti Ìlọrin?

Ìyá Ọlọ́mọ, Tánkẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi, tó wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, sọ fún mi pé ìmìtìtì ilẹ̀ ni òun fẹ́ fi ayé òun ṣe ìwádìí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló gbọ́ pé ilẹ̀ mì ní Ìlọrin rí. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù mi gbọ̀n títí tí wọ́n fi ń lu ara wọn. Ṣé iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, àbí dandan ni kí ó lọ sí Japan?

Ọmọ Òkè-Sóbí
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ̀kọ́ yìí ni èmi náà ń ṣe ìwádìí lé lórí, irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí mi. Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Ibi tí awẹ́ bá ti ń gún awẹ́ ni ilẹ̀ ti máa ń mì jù, bíi Japan àti Chile. Àwa jìnnà sí etí awẹ́ tiwa, lórí àpáta àtayébáyé, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó dákẹ́ ló dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ràn. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Morocco ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kété lẹ́yìn aago 11 alẹ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.8, ìgbì àkọ́kọ́ tí ìmìtìtì náà rán gba inú ilẹ̀ ti gba abẹ́ Ìlọrin kọjá kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé, èkejì sì tẹ̀ lé e ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i. Oorun kò dá lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí a bá gbé lé àpáta nìkan ló lè gbọ́ irú rẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí ni Inge Lehmann, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, ọmọ Denmark, ilẹ̀ tí ìmìtìtì kò pọ̀ sí. Ilẹ̀ mì ní New Zealand ní 1929, ìyá yìí sì jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé, ó ń kọ àkókò tí ìgbì dé sórí páálí pélébé pélébé tó ń kó sínú àpótí ọ́ọ̀tì. Ó rí ìgbì níbi tí kò yẹ kí ìgbì dé, ní 1936 ó sì kéde pé kókó mìíràn tó yàtọ̀ wà láàárín irin yíyọ́ tó wà nínú ayé. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ObsPy, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń wo ìlà gbágungbàgun kan títí ojú á fi máa ta mí, kí n lè mọ ìṣẹ́jú-àáyá tí ìgbì bẹ̀rẹ̀.

Agbẹ́kànga, Ìgbájà
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kí ọmọ náà má gbàgbé oúnjẹ. Físíìsì ilẹ̀ ni èmi náà kà, omi ni mo sì ń wá. Mo máa ń kan ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, n ó rán iná gba inú méjì, n ó sì fi méjì yòókù wọ̀n ọ́n, kí n lè mọ ibi tí àpáta ti lanu tí omi fi wọlé. Lábúlé kan, wọ́n yí mi ká, wọ́n ní góòlù ni mo ń wá. Baálẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Owó ìwádìí ìmìtìtì ṣòroó rí lọ́dọ̀ wa. Kí ó kọ́ ti omi àti ti ohun àlùmọ́ọ́nì mọ́ ọn.

Ọmọ Òkè-Sóbí
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí owó. Àmọ́ ilẹ̀ wa kò dákẹ́ pátápátá: ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ní Ìbàdàn ní 2000, ní Kwoi ní Kàdúná ní 2016, àti ní Mpape l'Ábújá ní 2018. Ìjọba ní ibùdó tó ń ṣọ́ ọ ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ní ti ife yín, mà, aago méjì ọ̀sán yẹn jẹ́ kí n fura sí àwọn tó ń fi dànámáìtì fọ́ àpáta ní kúárì. Dànámáìtì máa ń ti ilẹ̀ síta ní gbogbo ìhà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmìtìtì gidi á ti ilẹ̀ níhà kan, á sì fà á níhà mìíràn, nítorí pé apá àpáta méjì ló ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Ohun tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ kọ nìyẹn.

Ìyá Ọlọ́mọ, Tánkẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ka èsì yín sí ọmọ mi létí. Ó ti lẹ ìwé mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń kọ ọjọ́ àti aago. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ife ti gbọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni méjèèjì, kò sì gbọ̀n rárá lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ èkejì.