Kí ni kí a máa pe "baluarte" ní Yorùbá?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá méjì ni mo bá nílẹ̀ lórí baluarte, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe igun odi tí ó yọ síta ṣóńṣó bí orí ọfà. Ẹnì kan ní kí a pè é ní "ilé-ìṣọ́ odi", ẹlòmíràn ní "èjìká odi". N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ilé olódi Salses, tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lónìí, ni "ilé-ìṣọ́" bá mu. Ọdún 1497 ni Ọba Ferdinand ti Sípéènì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé-ìṣọ́ róbótó sì ni Ramiro López, ayàwòrán ilé náà, fi sí àwọn igun rẹ̀. Àléébù ohun róbótó ni pé bí àwọn jagunjagun bá ń yin àgbá láti ara odi láti fi gbà á sílẹ̀, ilẹ̀ díẹ̀ kan máa ń ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀ tí ọta kò lè dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀tá ti lè sá pamọ́ kí ó máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ odi. Nígbà tí Giacomo Palearo, onímọ̀ odi tí wọ́n ń pè ní El Fratín, fi máa bẹ̀rẹ̀ ilé olódi Pamplona ní àríwá Sípéènì fún Ọba Felipe Kejì ní 1571, igun ṣóńṣó márùn-ún ni ó fún un. Wọ́n fa ojú igun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá tí ó kọjú sí ọ̀tá, tọ́ débi pé àgbá tí ó wà ní ìhà igun tí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí ó so igun mọ́ odi, lè gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igun náà kò lè dáàbò bo iwájú ara rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń bá a ṣe é, òun náà a sì ṣe ti aládùúgbò. Ìjà ẹlòmíràn ni ó ń jà, kì í ṣe pé ó kàn ń ṣọ́nà.

"Èjìká" dùn létí mi, ṣùgbọ́n ibi tí ojú igun ti pàdé ìhà rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ odi ní Yúróòpù ń pè ní èjìká. Bí a bá fi orúkọ ẹ̀yà kan pe odindi, kí ni a óò wá pe ẹ̀yà náà?

Àbá tèmi ni "igun agbèjà". Bí ẹnikẹ́ni bá ní ènìyàn nìkan ni agbèjà, kí ó rántí agbòjò: ohun tí ń gba òjò fún wa ni, bẹ́ẹ̀ ni igun yìí ń gba ìjà fún igun kejì.

Kòtò tí ó yí odi ká kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá, nítorí a ti ní yàrà. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà, wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi, bí àwọn ará Sípéènì náà ṣe ń kó erùpẹ̀ kòtò sí inú odi wọn.

Orejón ló kù, ìyẹn ibi kìǹbà tí ó yọ jáde létí ìhà igun láti bo àgbá mọ́lẹ̀ fún ọ̀tá. "Etí igun" ni mo fara mọ́, nítorí etí ńlá ni èdè Sípéènì fúnra rẹ̀ pè é.